Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ló di orí ìtàgé: Ẹ ka ìtàn Freedom Park kẹ́ ẹ tó lọ gbọ́rin níbẹ̀

Àwọn tó bá fẹ́ wá ṣe fàájì l'Ékòó máa ń bi mí pé níbo ni wọ́n ti lè gbọ́ orin gidi, èyí táwọn olórin ń fẹnu ara wọn kọ, tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn lu ìlù ẹ̀. Ibi tí mo sábà máa ń júwe fún wọn ni Freedom Park, ní Broad Street, ní Erékùṣù Èkó. Ṣùgbọ́n mo máa ń fi kún un pé kí wọ́n má kàn lọ jókòó síbẹ̀, kí wọ́n ra ọtí, kí wọ́n jó, kí wọ́n sì gbalé wọn lọ. Ìdí ni pé ilẹ̀ tí wọ́n máa jó lé lórí yẹn, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni. Ibi tí wọ́n gbé orí ìtàgé ńlá sí gan-an ni wọ́n ti ń yẹgi fáwọn tí ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún láyé ìjọba òyìnbó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, tí wọn ò mọ̀. Àwọn míì mọ̀ pé "ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀", àmọ́ wọn ò mọ àwọn tí wọ́n tì mọ́bẹ̀, wọn ò sì mọ bí ẹ̀wọ̀n ṣe di ibi orin. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí nìyẹn. Mo sì ní èrò kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò: orin ló gba ilẹ̀ yẹn sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe tàwọn olórin àtàwọn òṣèré tó ń lò ó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí tàbí báńkì ni ì bá wà níbẹ̀ báyìí, tí ìtàn náà á sì ti wọlẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n amọ̀, ẹ̀wọ̀n bíríkì

Ọdún 1861 làwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú. Ìlú èbúté ni Èkó, ibẹ̀ lọjà òkè òkun ń gbà wọlé, ibẹ̀ sì ni epo pupa àti ekùrọ́ ń gbà jáde. Ẹni tó bá ní èbúté ló ní òwò. Nígbà tí wọ́n gba ìlú tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn nǹkan tí ìjọba fi ń jẹ́ ìjọba: ilé ẹjọ́, ọ́fíìsì owó orí ọjà, bárékè ọlọ́pàá, ọgbà ẹ̀wọ̀n náà sì wà lára ẹ̀.

Lọ́dún 1882, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri ẹ̀wọ̀n Broad Street, koríko ni wọ́n sì fi bo orí ẹ̀. Kò lọ́jọ́ lórí rárá. Àwọn ará ìlú tínú ń bí sí ìjọba òyìnbó ń ju iná sí i, koríko orí ilé náà á sì gbiná. Bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe ni wọ́n tún ń sun ún. Nígbà tó di ọdún 1885, ó sú ìjọba. Wọ́n ra bíríkì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dì í sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n gbé e la òkun kọjá wá sí èbúté Èkó, wọ́n sì fi tún ẹ̀wọ̀n náà kọ́. Iná ò ran bíríkì.

Lára ògiri yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, ẹ lè fọwọ́ kàn án. Bí mo bá mú èèyàn lọ síbẹ̀, ògiri yẹn ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ wò, torí ó sọ nǹkan kan tí ìwé ìtàn kì í sábà sọ tán. Wọ́n máa ń kọ́ wa nílé ìwé bíi pé òyìnbó dé, gbogbo èèyàn sì dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ìjọba tó bá ní láti gbé bíríkì wá láti òkè òkun kó tó lè rí ẹ̀wọ̀n tó máa dúró, ìjọba yẹn mọ̀ pé ìlú kò fẹ́ òun.

Herbert Macaulay: láti orí fàólìn-ìn dé inú àhámọ́

Orúkọ tẹ́ ẹ máa gbọ́ jù tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ni ti Herbert Macaulay. Ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni, iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ló sì kọ́. Ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n sí olóṣèlú onímùsítáàṣì ńlá. Àwọn tó mọ̀ pé ó máa ń ta fàólìn-ìn, tó sì fẹ́ràn orin àti eré gan-an, kò pọ̀.

Èkó ìgbà náà, ìlú orin ni. Àwọn Sàró tó ti Sàró dé, àtàwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì dé, ni wọ́n ń ṣètò kọ́ńsáàtì nínú gbọ̀ngán àti nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Gbọ̀ngán tó lókìkí jù nínú wọn ni Glover Memorial Hall tó wà ní Customs Street, nítòsí Marina. Téèyàn bá jáde ní Freedom Park, ó lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Gómìnà Glover, ẹni táwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, ni wọ́n fi gbọ̀ngán náà ṣèrántí ẹ̀. Nínú gbọ̀ngán yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá hàn nílẹ̀ tá à ń pè ní Nàìjíríà lónìí, ní oṣù kẹjọ, ọdún 1903. Ilé iṣẹ́ Balboa tó wá láti Spéènì ló gbé e wá, Macaulay yìí náà sì lọ́wọ́ nínú bó ṣe ṣeé ṣe.

Ẹ wá wo bí ayé ọkùnrin yìí ṣe rí. Lọ́dún 1913, wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì lórí ẹ̀sùn pé ó ṣe owó ogún tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹ̀ báṣubàṣu. Àwọn alátìlẹyìn ẹ̀ gbà pé torí pé ó ń bá ìjọba fà á ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìjọba ní òfin ló dá a lẹ́bi. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ̀wọ̀n yẹn ba nǹkan jẹ́ fún un. Nígbà tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ lọ́dún 1923, tí ẹgbẹ́ náà sì wọlé ìbò ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ékòó, òun fúnra ẹ̀ ò lè dupò, torí ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n ni òfin kà á sí.

Lọ́dún 1928, wọ́n tún gbé e. Ìwé ìròyìn Lagos Daily News, tó jẹ́ tirẹ̀ àti ti ẹnì kejì ẹ̀, ló gbé ìròyìn kan jáde pé àwọn kan fẹ́ fi ẹ̀tù pa Ọba Èṣùgbàyí Elékòó. Ìjọba ní irọ́ ni, ó sì ba orúkọ èèyàn jẹ́. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún un. Ẹ̀wọ̀n torí ohun tí èèyàn kọ sínú ìwé ìròyìn! Èmi tí mò ń kọ̀ròyìn fún yín yìí, mi ò lè dúró níbẹ̀ kí n má ronú kan ìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ka ìròyìn, ẹ yẹ kẹ́ ẹ ronú kàn án.

Gbọ̀ngán lápá kan, ẹ̀wọ̀n lápá kejì

Ọdún tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni 1944. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, gbé eré onílù àtorin kan jáde nínú Glover Hall. The Garden of Eden and the Throne of God ni wọ́n pè é. Ṣọ́ọ̀ṣì Aládúrà kan ló ní kó ṣe é kí wọ́n lè fi kówó jọ. Eré náà dùn débi pé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Ògúndé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ tó ń jẹ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tíátà Yorùbá tá a mọ̀ lónìí ti dìde.

Oṣù méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, inú gbọ̀ngán kan náà ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ NCNC sílẹ̀. Ta ni wọ́n fi ṣe ààrẹ ẹgbẹ́? Herbert Macaulay ni, nígbà tó ti lé ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Nnamdi Azikiwe ni akọ̀wé. Ọkùnrin tí wọ́n tì mọ́lé lẹ́ẹ̀mejì ló wá dúró nínú gbọ̀ngán tó ti ṣètò sinimá ní ogójì ọdún sẹ́yìn, tó ń darí ẹgbẹ́ tó fẹ́ gba òmìnira.

Kí ni mo ṣe ń da ọ̀rọ̀ gbọ̀ngán pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n? Torí pé l'Ékòó, ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àti ibi tí wọ́n ń tì èèyàn mọ́ torí ọ̀rọ̀ kò jìnnà síra wọn rí. Ẹ̀rù orí ìtàgé ń ba ìjọba. Nígbà tí Ògúndé ṣe eré Strike and Hunger lórí ìyanṣẹ́lódì ọdún 1945, tó sì gbé e dé Jos, ìjọba fòfin de eré náà níbẹ̀. Kódà lẹ́yìn òmìnira, lọ́dún 1964, nígbà tó gbé Yorùbá Ronú jáde, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de òun àti ẹgbẹ́ ẹ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ ṣeré ní agbègbè náà mọ́. Dúdú ló ń ṣèjọba nígbà yẹn o, kì í ṣe òyìnbó.

Ẹ̀wọ̀n Broad Street náà ò yí padà nígbà tí àsíà yí padà. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1963, ilé ẹjọ́ l'Ékòó rán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba. Broad Street wà lára ibi tí wọ́n fi í sí kí wọ́n tó gbé e lọ sí Calabar, ibẹ̀ ló sì wà títí ìjọba Gowon fi dá a sílẹ̀ lọ́dún 1966. Bíríkì táwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wá láti fi há àwọn tí kò fẹ́ wọn mọ́ ni àwa náà wá lò fún ara wa.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí pé gbajúmọ̀ kọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tó jalè ẹran, àwọn tó jà lọ́jà, àwọn tó jẹ gbèsè, àwọn tó pààyàn lóòótọ́, àtàwọn tí kò sẹ́ni tó máa bá wọn rojọ́. Àwọn yẹn ò ní ère, ẹnikẹ́ni ò sì kọ orúkọ wọn sára ògiri. Orí ìtàgé tá à ń wí yìí, tiwọn ni jù.

Bó ṣe di ààtàn, kó tó di ọgbà òmìnira

Lọ́dún 1979, ìjọba wó ẹ̀wọ̀n náà. Wọn ò rí nǹkan gidi kan fi ilẹ̀ náà ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Fún ọgbọ̀n ọdún, tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ààtàn ló dà láàárín ìlú. Ibẹ̀ làwọn kan ń da ìdọ̀tí sí, ibẹ̀ sì làwọn ọmọọ̀ta ń fara pamọ́ sí. Ẹ rántí pé Broad Street là ń sọ o, ibi táwọn báńkì ńlá wà, tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì wọ́n bí ojú.

Ayàwòrán ilé kan tó ń jẹ́ Theo Lawson ló mú àbá wá pé kí wọ́n sọ ibẹ̀ di ọgbà ìrántí. Àbá náà pẹ́ kó tó wọlé. Nígbà tí Nàìjíríà fẹ́ pé àádọ́ta ọdún tó gba òmìnira, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá gbà á, wọ́n sì ṣí Freedom Park ní oṣù kẹwàá, ọdún 2010.

Ohun tó wú mi lórí nínú iṣẹ́ Lawson ni pé kò gbìyànjú láti bo ẹ̀wọ̀n náà mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe tò ó tẹ́lẹ̀ ló tẹ̀ lé. Ibi tí wọ́n ti ń dáná fáwọn ẹlẹ́wọ̀n ló fi ṣe ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ. Ibi táwọn àhámọ́ wà, ó fi irin ṣe àmì ibi tí ògiri wọn gbà, tó fi jẹ́ pé ẹ máa rí ìwọ̀n yàrá tí wọ́n ń tì èèyàn mọ́, láìsí ògiri. Ibi ìyẹgi, ó gbé orí ìtàgé sí i.

Ohun tẹ́ ẹ máa rí tẹ́ ẹ bá wọlé

Tẹ́ ẹ bá ti san owó díẹ̀ lẹ́nu géètì, ẹ má tètè sáré lọ síbi tí ariwo ti ń wá. Ẹ kọ́kọ́ yà sí ibi àwọn àhámọ́ onírin tí mo sọ yẹn. Ẹ wọ inú ọ̀kan, kẹ́ ẹ na ọwọ́ yín méjèèjì. Ẹ máa rí i pé ibẹ̀ há débi pé ẹni tó ga ò lè yí sọ́tùn-ún sósì tó bá dùbúlẹ̀. Kò sóhun tẹ́nì kan lè sọ fún yín tó máa yé yín tó ìyẹn. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń rẹ́rìn-ín wọbẹ̀ láti ya fọ́tò, tí ẹ̀rín náà sì tán lójú wọn kí wọ́n tó jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí ilé ìkóhunìṣẹ̀ǹbáyé kékeré tó wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ wo àwòrán àtohun tí wọ́n tò síbẹ̀ nípa ìtàn ẹ̀wọ̀n náà. Ẹ wo ògiri bíríkì. Àwọn ère náà wà káàkiri ọgbà. Igi pọ̀ níbẹ̀, atẹ́gùn ọ̀sà sì máa ń fẹ́ débẹ̀ tó bá dọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Tẹ́ ẹ bá mú ọmọdé dání, ẹ bá wọn túmọ̀ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ sí Yorùbá, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n bi yín ní ìbéèrè. Ọmọ tó bá mọ̀ pé wọ́n ti bàbá ńlá kan mọ́lé torí pé ó kọ̀wé, kò ní fojú kékeré wo ìwé mọ́.

Níkẹyìn, ẹ wá síwájú orí ìtàgé. Ibi tí olórin ń dúró sí, tí iná aláràbarà ń tàn sí, ibẹ̀ ni igi ìyẹgi wà. Gbọ̀ngán ìta gbangba mìíràn tún wà nínú ọgbà, tí wọ́n máa ń lò fún eré àti ọ̀rọ̀ sísọ.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i, oríṣiríṣi orin ló ti wáyé níbẹ̀: jùjú, fújì, afrobeat, jáàsì, hip-hop. Èyí tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ ibẹ̀ ni Afropolitan Vibes, tí Adé Bantu wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 2013. Nígbà tó ń wáyé níbẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn èèyàn máa ń kún ibẹ̀ fọ́fọ́ nígbà náà, wọ́n ń mu ẹmu, àwọn ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ olórin sì ń bá àwọn àgbà kọrin lórí ìtàgé kan náà, láìfi orin inú ẹ̀rọ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ní oṣù kọkànlá ọdọọdún, àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní LABAF náà máa ń wáyé nínú ọgbà yìí. Àwọn òǹkọ̀wé á jókòó nínú ẹ̀wọ̀n, wọ́n á máa ka ìwé. Ẹ ò rí ayé!

Ṣó yẹ ká máa jó níbi tí wọ́n ti pààyàn?

Ìbéèrè yìí, mi ò lè fò ó. Àwọn kan máa ń sọ pé èèwọ̀ ni, pé ilẹ̀ tó ti gba ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ ijó. Mo gbọ́ wọn. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá kú ikú àìtọ́jọ́, òkú ọ̀fọ̀ là ń pè é. A kì í lùlù fún un, a kì í pa màlúù. Ẹkún la máa ń sun, a ó sì dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi dákẹ́ lórí ilẹ̀ yẹn lẹ́yìn tí wọ́n wó ẹ̀wọ̀n, kí ni ìdákẹ́jẹ́ náà bí? Ìdọ̀tí ló bí. Kò sẹ́ni tó ń wá síbẹ̀ wá rántí ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọ́n yẹgi fún ń gbé abẹ́ ààtàn. Nígbà tí ìlù dé ni àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé, "Kí ni ibí yìí jẹ́ tẹ́lẹ̀?" Ìlù ló pe èèyàn, èèyàn ló sì gbé ìbéèrè wá.

Torí náà, èmi ò ní ká má jó. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju ìṣẹ́jú kan péré lọ. Kí ẹni tó bá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lálẹ́ ọjọ́ náà, kó tó kọ orin àkọ́kọ́, sọ fáwọn èèyàn pé orí ibi ìyẹgi la dúró sí yìí o. Kó dárúkọ Macaulay, kó sì rántí àwọn tí kò lórúkọ. Lẹ́yìn náà, kí onílù máa lù ú. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ijó náà á di ìrántí. Bí a ò bá ṣe é, díẹ̀díẹ̀ ni ibẹ̀ á di ilé ọtí kan lásán tó ní ògiri àtijọ́, lọ́jọ́ tí ẹni tó lówó bá sì fẹ́ rà á, kò ní sẹ́ni tó máa lè sọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n tà á.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára

Ẹ má rò pé mò ń sọ àsọdùn. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2016, wọ́n wó Ìlójò Bar lulẹ̀ ní Tinúbú Square. Ilé táwọn Àgùdà kọ́ lọ́dún 1855 ni. Ọdún 1956 ni ìjọba ti kéde ẹ̀ pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni, pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Òfin wà nílẹ̀, bébà wà, ilé sì lọ. Láti Tinúbú sí Freedom Park, ẹsẹ̀ lásán lèèyàn lè fi rìn ín.

Kí ló fà á tí èyí fi lọ, tí tọ̀hún fi dúró? Lójú tèmi, ìlò ni. Ìlójò Bar ti di ilé tí kò sẹ́ni tó ń wọbẹ̀ torí ìtàn ẹ̀. Freedom Park ń pa owó díẹ̀, ó ń gba olórin àti òṣèré síṣẹ́, àwọn tó ń ta oúnjẹ ń rí jẹ níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì ti jó níbẹ̀ tí wọ́n á pariwo bí kátakátá bá dé. Àkọlé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kò lè pariwo. Ilé téèyàn kì í gbé, aláǹtakùn ní í gbé e.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bá rà láti wo olórin níbẹ̀ kì í ṣe owó fàájì nìkan. Owó ìtọ́jú ògiri yẹn wà nínú ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ

Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì tó bá ṣeé ṣe, tàbí kẹ́ ẹ tètè dé. Ẹni tó bá dé ní aago mẹ́jọ alẹ́, orin nìkan ló máa rí. Ẹ débẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ fi ojúmọ́ wo ohun tó wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ jẹun, kí orin wá bá yín níbẹ̀.

Ọkọ̀ ò ṣòro. Reluwé Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kérò lọ́dún 2023 máa ń gbéèyàn láti Mile 2 dé Marina. Àwọn tó ń bọ̀ láti apá Ìkòròdú àti Máryland lè wọ BRT dé CMS tàbí TBS. Láti ibẹ̀, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn ín. Ẹ béèrè Broad Street, ọ̀nà ọsibítù ìjọba, wọ́n á júwe fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ gbé mọ́tò lọ, kó mọ̀ pé ibi ìgbọ́kọ̀sí ní Erékùṣù kò rọrùn lọ́jọ́ iṣẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì wà níbẹ̀ títí di alẹ́. Òpin ọ̀sẹ̀ ló dẹrùn jù.

Ẹ wádìí kẹ́ ẹ tó lọ, torí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni orin ń wáyé lórí ìtàgé ńlá. Lásìkò òjò, ẹ mú agbòjò dání, ìta gbangba ni. Ẹ mú owó bébà díẹ̀ sọ́wọ́, nẹ́tíwọ̀kì báńkì lè dójú tini. Tẹ́ ẹ bá sì ní àyè ní ọ̀sán, ẹ gba Marina lọ sí Customs Street, kẹ́ ẹ wo ibi tí Glover Hall wà kẹ́ ẹ tó padà wá sí Broad Street. Ọ̀nà yẹn ni Macaulay ń rìn, láti gbọ̀ngán dé ẹ̀wọ̀n, láti ẹ̀wọ̀n dé gbọ̀ngán.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Èkó ti dàgbà tó kó mọ ibi tó ti ṣubú rí. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, tí olórin bá ní kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ pa á dáadáa. Àwọn kan wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn tí kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún wọn rí.